Ẹ Má Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà Àkíbù

Nígbà tí wọ́n sin Àkíbù tán ní agbo ilé wọn ní Ọ̀rányàn, Alhaji Èjìdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti yàrá olóògbé pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun tí òkú fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án títí wọn ó fi pín ogún. Ìwà rere ni. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kan ń ṣiṣẹ́ lọ nínú yàrá náà.

Nítorí Bushrah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, ni Àkíbù ṣe ṣe áàpù kan. Bí ìrora bá dé sí ẹnikẹ́ni tó ní àrùn náà ládùúgbò, wọn ó tẹ áàpù náà lórí fóònù, kọ̀ǹpútà á sì pe awakọ̀ tó wà nítòsí pé kó wá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ kan, Tẹniọlá, tí òun àti Àkíbù jọ ń ṣiṣẹ́, sáré dé láti Mọ́lété.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ihò wà nínú sọ́fútíwíà tó ń jíṣẹ́ láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà yẹn."

"Ṣé Àkíbù ló bà á jẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe òun ló kọ apá yẹn. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló ń mú un lò, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè bá wọn tún un ṣe. Àwọn tó ń bójú tó o ló rí ihò náà. Wọ́n ti kéde ẹ̀, wọ́n sì ti gbé àtúnṣe jáde. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn: àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ti gbọ́ ìkéde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ n wọlé lọ dí i, ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè ṣe é."

"Fi sílẹ̀ ná, a ò tí ì pín ogún. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo ń jí ẹrù àbúrò mi kó ni?"

"Ewúrẹ́ tí Àkíbù fi sílẹ̀ ńkọ́, sà? Ṣé ẹ febi pa wọ́n nítorí ogún ni?"

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ ń ké. Kọ̀ǹpútà yẹn ò ké o."

Ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí àwa ará agbo ilé nínú títí dòní. Waliyat, opó olóògbé, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Olè sì wọlé sínú kọ̀ǹpútà náà lóòótọ́, ó gba ihò yẹn, ó ba gbogbo nọ́ńbà àwọn awakọ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ṣì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò Alhaji.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrora dé sí Bushrah. Waliyat, ìyá rẹ̀, tẹ áàpù. Fóònù kọ ọ́ pé, "A ń pe awakọ̀."

"Wọ́n ń bọ̀, Bushrah. Fara dà á, wọ́n ń bọ̀."

Ó tún un tẹ̀. Ohun kan náà ni fóònù ń kọ. Nígbà tó fi figbe ta síta, tí àwọn ará àdúgbò fi bá a dá ọkọ̀ dúró, ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò tí ì dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́.

Ààfáà tó kírun sí i lára ló sọ ọ́ fún Alhaji: "Pínpín ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá dúró. Wọn ò ní kẹ́ ẹ má tọ́jú." Alhaji yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Tẹniọlá, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àtúnṣe bá dé fún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ kàn rí i dájú pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ló ti wá, kì í ṣe ìlíǹkì tí ẹnìkan fi ṣọwọ́ sí yín. Ẹ̀yin tó ń ṣe áàpù, ẹ mọ sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fetí sí ìkéde àwọn tó ni ín. Bí ẹni tó ń bójú tó áàpù náà bá sì kú, ẹ tètè fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ ò tí ì pín ogún.

Wọ́n ti pín ogún Àkíbù báyìí. Gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ ló yè, wọ́n sanra. Bushrah, tí Àkíbù torí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, ni kò sí níbẹ̀ láti gba tirẹ̀.