Aláìdákẹ́ àti Alákàbà

Ìró kan wà tí kì í kúrò létí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan: ìró ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ṣì ń jó nígbà tí orin ti dákẹ́. Ṣàà, ṣàà, gbì. Ṣàà, ṣàà, gbì. Ohùn ti tán nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ tí díjéè tí wọ́n ń pè ní Aláìdákẹ́ kọ́kọ́ rí ọmọge kan. Ọmọge náà ló ń ṣe gbọ̀ngàn òde lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wà lórí àkàbà, píìnì méjì láàárín eyín rẹ̀, okùn iná wínníwínní rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Orí wáyà ẹ̀rọ orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fà á yọ kó lè ráyè ki ti iná tirẹ̀ bọ ara ògiri.

"Yéè! Ẹ má bínú o!" Ó sáré dá wáyà padà sáyè rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ díjéè. Ẹlòmíràn ì bá gbé máìkì, kó dá àpárá kan. Aláìdákẹ́ ò gbé e. Ẹsẹ̀ àwọn tó ṣì ń jó ló ń gbọ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ó fi ìka di àwo náà mú díẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. "Gbì" ìlù bọ́ sórí "gbì" ẹsẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Gbọ̀ngàn hó yèè.

Orin rẹ̀ tí kì í dúró ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwo kan ò ní tíì parí tí òmíràn á ti yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, tí ìlù méjèèjì á máa rìn bí ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí omi ọ̀gbẹlẹ̀. Akólòlò ni. Láti kékeré ló ti ń bá ọ̀rọ̀ jìjàkadì kó tó jáde. Ìdí tó fi kọ́ bí a ṣe ń so orin pọ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n dójú àmì nìyẹn. Bí àlàfo ò bá sí láàárín orin méjì, ta ni yóò ní kó sọ̀rọ̀?

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, ọmọge náà wá bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Wọ́n rò pé a jọ ṣètò rẹ̀ ni."

Ó mi orí.

"Ṣé ẹ kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo... mo... mo máa ń sọ... níwọ̀nba."

Ó dúró dè é. Kò bá a parí ọ̀rọ̀, kò wolẹ̀, kò sì gbọnrí bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kú. Ó kàn dúró títí ọ̀rọ̀ fi dé.

"Níwọ̀nba tó mi," ó ní. "Èmi á sọ ìyókù."

Àtọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pàdé nínú gbọ̀ngàn kan, Aláìdákẹ́ ni yóò di àkàbà mú fún un. Ó wá sọ ọmọge náà ní Alákàbà. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "ẹ" di "o," ìkíni di ìfẹ́.

"Orin rẹ ò jẹ́ kéèyàn jókòó," Alákàbà á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹnì kan fẹ́ béèrè orúkọ ọmọge tó ń bá jó, orin mìíràn ti wọlé. Wàá ba ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́."

"Kí... kí wọ́n ti béèrè láti ilé."

Díjéè mìíràn wà nílùú náà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-Oyin. Orin rẹ̀ máa ń forí gbárí bí ewúrẹ́ méjì lórí afárá tóóró, síbẹ̀ gbogbo ilé ló ń pè é.

"Aláìdákẹ́, ọ̀rẹ́ mi," ó ní lọ́jọ́ kan, "ta ló ń wo ojú rírán lára aṣọ tó bá ti wù ú? Pe ìyá ìyàwó ní arẹwà sínú máìkì, iṣẹ́ ti parí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Aláìdákẹ́. Ó bi Alákàbà bóyá òótọ́ ni.

"Ìdajì rẹ̀ lòótọ́," Alákàbà dáhùn. "Láti orí àkàbà, mo máa ń rí àwọn tó ń jó. Bí orin Ẹlẹ́nu-Oyin bá ti forí gbárí, wọ́n á rántí pé orúnkún ń dùn wọ́n. Nídìí tìrẹ, wọn kì í rántí. Àmọ́ àwọn èèyàn fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe wọ́n lóore."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, ó ku bàbá Alákàbà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní ìlú tó jìnnà. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà dàgbà, ọmọ ò sì ní lọ sílé ọkọ láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ohùn ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Iṣẹ́ tó rán ò gùn: "Kó gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Ẹni tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò lè fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́."

Aláìdákẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, ó wá ń dà á sínú èkejì, ó ń gé gbogbo ibi tí ahọ́n ti kọ́ kúrò, ó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń so orin. Nígbà tó ṣe tán, ohùn náà ń ṣàn geere. Ó fi ayọ̀ gbé e fún Alákàbà kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Alákàbà gbọ́ ọ dé ìdajì, ó sì pa ẹ̀rọ.

"Ta nìyí?"

"È... èmi ni."

"Èmi ò mọ ọkùnrin yìí. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún bàbá mi."

"Mo... mo fẹ́ kí bàbá gbà mí ni."

"Bí wọ́n bá gba eléyìí, ta ni mo máa wá mú lọ kí wọn?" Omi lé sójú rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ibi tó o gé sọnù yẹn, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí dè ọ́. Bó o bá ń tijú ibẹ̀, èmi tó jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Má wá mi o, títí wàá fi fi ohùn ara rẹ ránṣẹ́."

Ó lọ. Ní òde tó tẹ̀ lé e, orí àkàbà ló wà, kò bojú wolẹ̀, ẹlòmíràn ló di àkàbà mú. Aláìdákẹ́ so orin lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, kò sì sí adùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ̀rù tó jí, ó ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ ẹ̀rọ, ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò dá a padà gbọ́. Ó gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́.

Wọ́n ní bàbá gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kí wọ́n tún gbé e sí i. Ó wá ní: "Ọkọ̀ tó ń gun òkè á máa kérora. Èrò kì í torí ìyẹn bọ́ sílẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá mọ ibi tó ń lọ. Ẹ mú un wá kí n gbá a lọ́wọ́ mú." Aláìdákẹ́ àti Alákàbà ṣègbéyàwó, wọ́n sì pẹ́ pọ̀. Gbọ̀ngàn yẹn ti di ilé ìkẹ́rùsí báyìí, àwọn tó jó níbẹ̀ ti fọ́n ká sí ìdálẹ̀. Àmọ́ ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà, bó ṣe sọ ọ́ gan-an:

"Bà... bàbá, ẹ káàárọ̀. È... èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi. Iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe. Mo... mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́. Mo kọ́kọ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan tó dùn fún yín. Ọmọ yín ní kì í ṣe èmi. Ọ... ọmọ yín máa ń dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún mi rí. Mo fẹ́ kí èmi náà máa dúró dè é, ní... ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ... ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."