Adágún Tó Ń Mí

Kùrukùru kò tíì ká nílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin nígbà tí Wòsílátù àti Azeemah ọmọ rẹ̀ dé etí adágún edé tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Omi náà ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mí! Ní igun kan ṣoṣo, yóò ga sókè díẹ̀, yóò tú pùrù, yóò sì dákẹ́. Àwọn edé ń wọ́ jáde sórí koríko bí ẹni tí nǹkan ń lé bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Wòsílátù dúró gbagidi. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbẹ́ adágún yìí, ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n sì fi ń jẹun.

"Bàbá ẹ ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Inú ń bí i sí mi."

Azeemah tẹjú mọ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó wà ní igun yẹn.

Kí wọ́n tó da omi sínú adágún ni ìyá rẹ̀ ti po èérí ìrẹsì mọ́ ìwúkàrà títí ó fi kan. Ó ní kí Azeemah fọ́n ọn ká gbogbo ìsàlẹ̀, kó fi ọkọ́ ro ó mọ́ ẹrẹ̀, kí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ lè jẹ ìdọ̀tí ilẹ̀, kí oúnjẹ edé sì lè máa hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Òórùn rẹ̀ ló le. Kì í tètè kúrò lára. Hikmah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ Azeemah ní Omi-Ògì, ẹ sì mọ bí orúkọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ni níléèwé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dúró dè é láti lọ ṣayẹyẹ ní Ìjagun. Ọmọ yìí bá gbẹ́ ihò sí igun kan, ó da gbogbo èérí náà sí i, ó bò ó, ó wẹ̀, ó lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ro ó.

Òkìtì yẹn ló ń jẹrà lábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ ló sì ń ti omi sókè.

Nígbà tí Wòsílátù lọ pe Ààfáà wá ṣàdúà, Azeemah ní òun á tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó wọnú omi, ó fi ọkọ́ tú ibẹ̀. Yéè! Ẹrẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò rú sókè, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú kó tó rá jáde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ àti Ààfáà fi máa dé, edé ti léfòó lọ súà, kò sí èyí tó mira.

Wòsílátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá Azeemah, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá fẹ́ adágún yín, mo ti fi sílẹ̀ fún yín."

Àyà Azeemah ò gbà á mọ́.

"Màámi, ẹ dìde," ó ní. "Bàbá mi ò bínú sí yín. Èmi ni mo bo èérí mọ́lẹ̀ síbì kan. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Wòsílátù ò nà án, kò sì bú u. Ó dìde nínú ẹrẹ̀.

"O sì jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ọkọ mi," ó ní.

Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ eérú tọ́mọ bá dà, ara ìyá ló máa ń kọ́kọ́ bà lé. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì ní àtúnṣe. Azeemah jẹ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n edé ti kú.