Lẹ́tà Tí Badirat Kọ fún Àbẹ̀bí

Lọ́dún 1977 tí à ń wí yìí, bàbá Àbẹ̀bí ti kú, ṣùgbọ́n Ìbídùnní ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Bàbá Lazarus, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ṣì ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì. Ọláoyè tíṣà náà wà, ara rẹ̀ le koko.

Orí àpáta ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Òsì ni Ọláoyè ti kọ́kọ́ rí Àbẹ̀bí, níbi tó ti ń sá láfún, tí ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Tíṣà tuntun láti Kòrò ni Ọláoyè. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì bò.

"Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe."

"Tíṣà, ẹ máa parọ́ lọ. Tèmi ń di ọkà. Kí ni tiyín ń dì?"

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Ọláoyè ń gba ẹ̀bá àpáta kọjá.

Nígbà tó fẹ́ dán kíláàsì karùn-ún wò nínú lẹ́tà kíkọ, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, kó kọ ohun tó fẹ́ rán sí ẹni rẹ̀ ní ìdálẹ̀. Òun yóò kà á sétí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kóun tó fún ọmọ ní máàkì.

Badirat ọmọ Hassan ló lọ bá Àbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ sì wà nílẹ̀: Bàbá Lazarus ti ránṣẹ́ pé òun ti fi í fún ọ̀rẹ́ òun tó ń ta páànù, kó máa múra Jọ́ọ̀sì kí Àjíǹde tó dé.

"Kọ ọ́ pé mo kí wọn, àmọ́ mi ò lọ. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mi ò rí rí."

Lọ́jọ́ kẹta, Ọláoyè àti Badirat wá sórí àpáta. Tíṣà kà á: "Bàbá mi ọ̀wọ́n, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, mo sì ń bọ̀."

"Yéè! Èmi kọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀!"

"Àǹtí, ẹ máà bínú," ni Badirat wí. "Ọmọ kì í kọ 'mi ò lọ' sí àgbà."

Ọláoyè ní, "Ọwọ́ rẹ dára, kò sí àṣìkọ. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni máàkì rẹ. Tún un kọ bí wọ́n ṣe wí i."

Ọmọ bú sẹ́kún.

"Tíṣà òṣìkà! Ẹ fún un ní mẹ́rin nítorí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀." Àbẹ̀bí rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká ní ẹ ti fi í ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ǹ bá sunkún."

"Kí ló kàn yín?"

Ọláoyè wolẹ̀. "Àbẹ̀bí, ó kàn mí."

Nígbà tí lẹ́tà kejì dé Jọ́ọ̀sì, Bàbá Lazarus fi ìbínú wọkọ̀ wálé.

"Ta ló ń kọ́ ọmọ mi ní àfojúdi?"

Ọláoyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi ni." Ó wá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, látorí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Badirat kọ pé Àbẹ̀bí ń bọ̀.

Bàbá Lazarus ní, "Ká ní irọ́ yẹn ló dé ọwọ́ mi, tí Àbẹ̀bí délé ọ̀rẹ́ mi tán, tó wá sá lọ, ojú ta ni ì bá tì?" Ó yíjú sí Àbẹ̀bí. "Ta ni ìwọ wá fẹ́?"

Àbẹ̀bí fi ètè júwe ẹni tó wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ, dìde. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ ní Kòrò."

Lẹ́yìn ìjẹṣu tuntun ni wọ́n gbéyàwó.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú Ọláoyè lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1986. Ìbátan kan tó wá kí Àbẹ̀bí sọ pé oní-páànù Jọ́ọ̀sì ṣì wà láyé, ó ti kọ́lé mẹ́ta.

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀," ni Àbẹ̀bí wí. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ẹni tí mo yàn gbé. Ó tó mi."

Ó wọlé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé e.