Ohùn Fuatino Lójú Kẹrin Àwo

"Jáde nílé mi! Mo ní kó o jáde, Fuatino! Obìnrin tó bá lè fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ jẹ́, kí ló kù tí kò lè ṣe?"

Iosefa ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Grey Lynn, ní Auckland, lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn aládùúgbò ti ń yọrí lójú fèrèsé. Àpótí ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú òjò. Fuatino ò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Pesamino, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló dojú kọ.

"Pesamino, ìwọ lò ń tọ́jú ẹ̀rọ tá a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Ṣé èmi ni mo pa orin ara mi rẹ́ nínú téèpù?"

Pesamino tẹjú mọ́lẹ̀. Telesia, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, dúró sẹ́yìn Iosefa, ó káwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára Pesamino.

"Dá a lóhùn!" Iosefa jágbe mọ́ ọn. "Àbí o ti yadi ni?"

Pesamino gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò la ẹnu rárá. Àmọ́ irọ́ tí wọ́n fi orí pa, ṣé kì í ṣe irọ́ ni? Orí tó gbé sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló tú ilé ká!

Fuatino wò ó títí. "Ó dáa, ọmọ mi," ló wí. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gba ilé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ní Ōtara, ní ìhà kejì ìlú.

Ọmọ mi! Ọ̀rọ̀ yẹn gún Pesamino ju kí wọ́n bú u lọ. Ó ti di géńdé báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tó ti Apia, olú ìlú erékùṣù wa, dé, tí òtútù ń gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì, Fuatino tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà ló ń fi òróró àgbọn ra á láyà, tó ń bu sapasui tirẹ̀, núdù tí wọ́n fi ẹran sè, kún tiẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí obìnrin yẹn rí i tí kò ní kọ́kọ́ bi í pé, "Pesamino, ṣé o ti jẹun?" Kódà bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń dúró kó tẹ ẹ̀rọ, á ṣáà bi í. Telesia a wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá olóúnjẹ! Ṣé orin lo wá kọ ni àbí oúnjẹ lo wá tà?"

Kí ló wá bí gbogbo wàhálà yìí? Ìlara ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Galu Fitu, ìyẹn ìgbì méje, lorúkọ ẹgbẹ́ olórin ìdílé náà. Kò sí ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń jó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Auckland tí orin wọn kì í dún. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde ní kí wọ́n ṣe àwo kan. Iosefa kọ̀, ó ní méjì ni, nínú páálí kan náà. "Àwo kìíní, kí wọ́n jó," ló sọ fáwọn òyìnbó. "Èkejì, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ bá a ṣe dé ilẹ̀ yìí." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ ra àwo méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ fún wọn? Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ orin tí Fuatino ṣe fún àwo kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Orin inú ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Orin ìyá tó kú nílé tí ọmọ ò ráyè lọ sin wà níbẹ̀. Orin ọlọ́pàá tó ń kanlẹ̀kùn ní kùtùkùtù, tó ń béèrè ìwé ìgbélùú, náà wà níbẹ̀. Ojú kẹrin, ìyẹn ẹ̀yìn àwo kejì, tí gbogbo rẹ̀ máa parí sí, Fuatino nìkan ni wọ́n ní kó dá a kọ.

Ibi tí bàtà ti ń ta Telesia lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń léwájú orin láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì mọ bí ipò arábìnrin ṣe rí láàárín wa: májẹ̀mú ló wà láàárín òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹní ìyá wọn wà, ẹní híhun tó múlọ́múlọ́ bí aṣọ, tí ìyẹ́ pupa wà létí rẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni Telesia ń tẹ́ ẹ hàn. Ó ti kọ ọkọ rẹ̀, ó ti di dálémoṣú lọ́dọ̀ Iosefa, ó wá sọ májẹ̀mú àwọn baba wa di pàṣán tó fi ń na gbogbo ilé.

"Obìnrin tá a fẹ́ wọlé lá máa parí àwo, kí èmi ọmọ onílé wá máa gbè lẹ́yìn ẹ̀?" ló wí fún Pesamino ní gbọ̀ngàn ìjọ, nígbà tí àwọn yòókù wà níbi ìsìnkú kan. "Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi! Pa ohùn ẹ̀ rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n ṣe é. Àǹtí Fuatino ló tọ́ mi."

"Ó tọ́ ẹ. Ṣé ó fún ẹ níwèé ìgbélùú?" Telesia rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé ẹ ti kú tipẹ́. Ẹnu mi tí mo pa mọ́ lo fi ń rìn káàkiri ìlú yìí. Kí n sọ gbólóhùn kan fún ọlọ́pàá, o ti di èrò Apia. Tẹ̀ ẹ́ jàre!"

Pesamino tẹ̀ ẹ́. Olúkúlùkù wọn ló ní makirofóònù tirẹ̀ àti ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí téèpù. Tí Fuatino ló pa rẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bí téèpù ṣe ń yí, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ kúrò. Telesia bá kọ orin náà sí àyè tó ṣófo, ó sì lọ bá Iosefa pé Fuatino fẹ́ gbé orin náà fún ẹgbẹ́ kan ní Wellington, pé òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́, pé ọpẹ́lọpẹ́ òun Telesia tó mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ ò rí ayé? Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde! Iosefa, tí kò bi arábìnrin rẹ̀ ní ìbéèrè kan rí láyé rẹ̀, gbà á gbọ́ wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé kókò àti ewé rẹ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè síwájú Pesamino. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jẹun!" ni Telesia wí. "Àbí ò ń dúró kí ìyá olóúnjẹ wá bi ẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n jókòó fún àdúrà, Iosefa bẹ Olúwa pé kó wẹ ilé náà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀tàn. Pesamino ò bá wọn ṣe àmín. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun; ilẹ̀ mọ́ bá a lójúfò.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé téèpù lọ sílé iṣẹ́ náà, kí ọ̀gbẹ́ni Mervyn, òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń da ohùn pọ̀, lè parí ojú kẹrin. Ohùn Telesia ń ró kíkankíkan. Ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń wo gbogbo èèyàn bí ayaba. Ó ṣe díẹ̀, Mervyn dá téèpù dúró.

"Ta lobìnrin kejì?" ló bi wọ́n.

"Obìnrin kejì wo?" Telesia dá a lóhùn. "Èmi nìkan ni."

"Méjì ni mò ń gbọ́."

Mervyn rẹ ohùn Telesia sílẹ̀ pátápátá. Ó rẹ ìlù sílẹ̀, ó ku gìtá Iosefa nìkan. Háà! Lẹ́yìn gìtá yẹn, bí ẹni tó ń kọrin láti yàrá kejì, ni ohùn Fuatino ti ń bọ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọ̀rọ̀ kan!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Inú ilé gíláàsì kéékèèké làwọn òyìnbó máa ń fi akọrin sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iosefa ló ta kò ó. "Èèyàn kì í bá ẹbí ẹ̀ kọrin látẹ̀yìn gíláàsì," ló wí, ló bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ, kí gbogbo wọn jókòó yípo lórí ẹní bí wọ́n ti ń ṣe látilé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Fuatino jókòó sí. Makirofóònù gìtá ọkọ gba ohùn ìyàwó mọ́ tirẹ̀. Pesamino pa ojú ọ̀nà Fuatino rẹ́, kò rántí pé nílé wa, kò sẹ́ni tó ń dá kọrin. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Èyí bọ́, gìtá sì kó o. Ohun tí etí ọkọ kọ̀ láti gbọ́, gìtá rẹ̀ gbọ́ ọ!

Iosefa ti dìde. Telesia rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kí lẹ wá ń wò mí fún?" ló pariwo. "Ó kọ ọ́, ó sì pa á rẹ́! Mi ò sọ pé kò kọ ọ́ rí! Ta ló rí ẹni tó pa á rẹ́?"

Òótọ́ ló sọ, téèpù ò lè sọ ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Ó fẹ́ bọ́ báyìí, ẹni ibi náà! Àmọ́ orin parí, téèpù ń yí lọ, gbogbo wọn sì gbọ́ Fuatino tó rẹ ohùn sílẹ̀, tó ń béèrè pé:

"Pesamino, ṣé o ti jẹun?"

Pesamino ṣubú lulẹ̀ gbì. "Èmi ni! Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni! Ọwọ́ mi yìí ló pa á rẹ́! Àǹtí Fuatino ò mọ nǹkan kan, mo parọ́ mọ́ ọn! Ẹ̀gbọ́n Telesia ló ní kí n ṣe é, ẹ̀rù sì bà mí!"

"Irọ́ ni! Òpùrọ́! Abara-móore-jẹ! Màá pe ọlọ́pàá fún ẹ lónìí yìí! Wọ́n á gbé ẹ lọ bí ẹrù, ìwọ tó ò níwèé!"

Telesia gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde, ó pẹ́ jù.

"Ohun tẹ́ ẹ fi dẹ́rù bà á nìyẹn," ni Iosefa wí. "Láti kékeré ni mo ti ń bọlá fún yín. Nítorí ọlá yẹn, mo lé ìyàwó mi sínú òjò. Ẹ pe ọlọ́pàá, èmi náà á bá a lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, ẹ lọ gbé ẹní ìyá wa jáde."

"Ẹní mi? Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ ò ní fi ẹní mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin yẹn!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín la fẹ́ fi bò!"

Ifoga là ń pè é. Ẹni tó ṣẹ̀ á lọ kúnlẹ̀ síwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, á fi ẹní bo orí. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lù ú pa. Bí wọ́n bá ká ẹní náà, wọ́n ti dárí jì í, ẹní sì di tiwọn. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Iosefa tó jẹ́ olórí ẹbí àti Pesamino kúnlẹ̀ sórí koríko tútù ní Ōtara, lábẹ́ ẹní kan náà. Iosefa ní dandan ni kí Telesia wá, ó sì wá. Ṣùgbọ́n ẹní ọ̀hún ò tó ẹni mẹ́ta. Ẹ̀yìn wọn ló jókòó sí, lójú gbangba, kò sí ohun tó fi bo ojú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń rí i, wọ́n ń rí ẹní, wọn ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Àwọn ará inú ilé rò pé ọlọ́pàá ni, àwọn ọmọdé sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n rí ẹní, àwọn ẹ̀gbọ́n Fuatino jáde pẹ̀lú àdá àti òkúta.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí àwo náà ṣe já sí. Ó jáde, méjèèjì, nínú páálí kan náà. Wọ́n yọ Telesia kúrò lójú kẹrin. Fuatino kọ̀ láti tún un kọ, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́yìn gìtá. Títí dòní, bó bá kan orin yẹn, àgbà a ní kí ọmọdé dákẹ́, a sì sún mọ́ ẹ̀rọ. Telesia padà sí erékùṣù Savaiʻi nílé láìsí ẹní, láìsí ẹgbẹ́. Kò pe ọlọ́pàá, torí ta ni yóò tún gbọ́ tirẹ̀? Ìkà a máa ka oníkà. Ìwé Pesamino náà, ìjọ bá a tọ́ ọ sọ́nà nígbẹ̀yìn.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Abẹ́ ẹní ló wà, tí Iosefa ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń yí wọn ká. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kí òkúta náà tètè bọ̀, òun ló tọ́ sí. Òjò tó ń rọ̀ láti òru dá. Orúnkún rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bọ̀, ó rọra ń bọ̀, ọwọ́ kan sì di etí ẹní mú, ó ká a. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Fuatino bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Pesamino," ló wí, "ṣé o ti jẹun?"

Ó mi orí pé rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.