Kóòtù Tí Àbúrò Mi Ní Kí N Rán

Òjò ọjọ́ náà rin ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà débi pé omi ń kán láti inú báàgì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Àmọ́ lẹ́tà tó yọ fún wa gbẹ. Ó tilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

"Aránṣọ, tiyín yàtọ̀ o," ó ní, ó ń fún omi kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ ní kí ṣójà yín fi ibi tó ń sá sí hàn mí, tí òjò ò fi bá a."

Mo rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ ọ́, èyí tí a ń pè ní Pẹ́lẹ́bẹ́, torí bó bá dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn á ṣì ṣí kan ògiri. Ó ti pẹ́ lójú ogun. Màmá wa ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà sí wọn létí, èmi náà ni mo ń kọ èsì. Wọn á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ ọ́ bó ṣe ń já bọ́ lẹ́nu wọn.

Lẹ́tà ọ̀hún ní, "Ẹ ní kí Màmá yéé sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ikọ́ yẹn ò dáa."

A ò kọ ọ́ sí i rí pé Màmá ń wúkọ́.

Mo sọ fún ara mi pé ẹnì kan ló ti bá wa sọ ọ́ dé ọ̀hún. A fèsì. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e tún dé nínú òjò, òun náà gbẹ. Pẹ́lẹ́bẹ́ ní òtútù ń pa òun, kí n rán kóòtù tó nípọn. Ó fi okùn kan sínú rẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ti kọ́ ọ pé ẹni tí ò bá ní téèpù lè fi okùn wọn ara rẹ̀, kó ta á ní kókó níbi tí èjìká parí sí, kó tún ta òmíràn níbi tí apá dé. Mo na okùn náà sórí tábìlì. Apá kúrú. Ogun lè jẹ ẹran ara ènìyàn tán, àmọ́ kì í sọ apá gígùn di kúkúrú.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé aránṣọ kì í bá okùn jiyàn. Mo rán an bí okùn ṣe wí.

Bí ẹni tó ni aṣọ ò bá sí nítòsí, a máa ń wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì ká lè rí bó ṣe jókòó. Màmá ní kí n gbé e wá. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá rẹ̀. Èjìká bá èjìká, apá parí síbi tó yẹ gẹ́ẹ́. Àfi bíi pé àwọn gan-an ni mo wọ̀n.

"Ó móoru," wọ́n sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun. Ikọ́ wọn dáwọ́ dúró.

"Màmá, ẹ bọ́ ọ, mo fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù sí i."

Wọ́n tún fa kóòtù náà mọ́ra.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n di báńdéèjì mọ́ lẹ́sẹ̀ fi tiro wọlé. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ni, wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun ni. Ó rí Màmá nínú kóòtù, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta díẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ti sọ ọ́ fún mi. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sin Pẹ́lẹ́bẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbẹ́lẹ̀.

"Irọ́ ni! Lẹ́tà rẹ̀ ṣì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ̀gbọ́n, apá ọ̀tún rẹ̀ ni bọ́ǹbù kọ́kọ́ mú lọ. Kí ló fẹ́ fi kọ ọ́?"

Mo sáré wọlé. Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Fi mí sílẹ̀," wọ́n ní. "Mo ti mọ̀ látọjọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ikọ́. Abiyamọ ò lè ṣàì mọ̀. Ìwọ náà lo bá mi kọ èsì. Mo ní, bí o ò bá lè wá, ṣe ohun tí wàá ṣe kí n wá bá ọ."

Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Mo di ọwọ́ wọn mú, ó tutù bí irin. Bọ́tìnnì tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, kò ṣí. Mo fa sísọ́ọ̀sì yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí gé e láti ìdí lọ sí ọrùn.

"Má gé e! Ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀!"

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi bá mi dì wọ́n mú. Mo gé e. Kò dún bí aṣọ. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mí láàárín eyín. Nígbà tó já bọ́, Màmá jókòó, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ikọ́ ò padà mọ́. Lẹ́tà náà ò wá mọ́. Màmá ń jẹun, wọ́n ń bá àwọn oníbàárà mi ṣeré. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti gbà wọ́n là.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ àbúrò mi san, ó wá kí wa. Màmá gbé àga fún un.

"Ọmọ dáadáa, ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Tètè máa lọ sọ́dọ̀ wọn o. Èmi ò bí èyí tó lọ sógun rí, ọmọ mi kan ṣoṣo náà ló ń ránṣọ níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ mo mọ̀ pé kò ní í rọrùn fún ìyá."

Ó wojú mi. Màmá ti dìde, wọ́n gbé fọ́tò Pẹ́lẹ́bẹ́ nínú aṣọ ṣójà kúrò lára ògiri, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu eruku ojú rẹ̀, wọ́n nà án sí i.

"Gbà. Ó jọ pé ẹ̀yin ṣójà lẹ gbàgbé èyí síbí."