Orí Ọba Àná Tó Wà Lórí Wàràkàṣì

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in, àmọ́ kó má pè mí ní onírọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ọmọ ogun Róòmù kan létí odò Dánúbì, lọ́dún tí ọba tuntun gorí ìtẹ́, tó ní òun fúnra òun ń bọ̀ wá ṣọ́ ẹnubodè.

Bí ọba bá yí padà níbẹ̀, wọn kì í gbẹ́ odindi ère ọba mìíràn. Orí nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Mátúmárù agbẹ́kùúta yọ orí ọba àná, ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè, ó fi ti tuntun sọ́rùn ère. Balógun Kọmíníù ní kó ju ti àná sódò. Ẹni tó bá fi í pamọ́, ọ̀tá ọba ni, yóò jẹgba títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi bó. Ṣùgbọ́n òkúta gidi ni, Mátúmárù ò lè jù ú nù. Súrío ìyàwó rẹ̀ gbé e lé wàràkàṣì nílé, kó lè tẹ omi ara wàràkàṣì náà jáde.

"Kábíyèsí, ẹ jókòó dáadáa o," ni Súrío máa ń wí fún un. "Iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe nìyí."

Tọkọtaya á rẹ́rìn-ín títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí náà ti yíjú. Ògiri ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ó ti wá ń wo ojú fèrèsé, níbi tí esùsú ti hù lódò.

"Ìwọ lo yí i?" ni Súrío bi ọkọ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn?"

Súrío yí i padà. Nígbà tílẹ̀ tún mọ́, esùsú ló tún ń wò. Àmì ibi tó ti yí hàn lára wàràkàṣì kedere.

"Bóyá ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni," ni Súrío wí, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mátúmárù yọjú wo esùsú. Atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ esùsú ń mì. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ra ẹni, kẹ́kẹ́ ti pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀rù bà á.

"Tó o bá sọ pé àwọn kan sá pa mọ́ síbẹ̀, wọ́n á bi ọ́ bó o ṣe mọ̀," ni Súrío rọra wí. "Ẹgba nìyẹn."

"Tí mi ò bá sọ ńkọ́?"

Súrío wo Sénílà ọmọ wọn tó ń ṣeré létí odò. "Sáré, baálé mi."

Mátúmárù sáré lọ kìlọ̀ fún àgọ́. Nínú esùsú ni àwọn ọmọ ogun ti bá àwọn ọ̀tá tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ń retí òru. Bí fèrè ogun ṣe dún, àwọn ọ̀tá bẹ́ sódò. Ọ̀kan gbàgbé ṣòkòtò rẹ̀. Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kọmíníù wá sílé agbẹ́kùúta. Ó wo orí, ó wo wàràkàṣì. Mátúmárù ti ń bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ nà.

"Ta ló rí àwọn ọ̀tá yẹn?"

Súrío nawọ́ sí orí náà.

Balógun bu wàràkàṣì díẹ̀ sẹ́nu. "Ó dùn. Òkúta lásán ni mo rí níbí o. Wọ ẹ̀wù rẹ, jàre!"

Inú wọn dùn kọjá àlà. Ọtí bálì ṣàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oníṣẹ́ dé: ọba tuntun ti dé ìtòsí. Súrío sáré wọlé lọ mú wàràkàṣì tí wọ́n máa fi kí i.

"Bàbá Sénílà," ó ní, "wá wò ó."

Orí náà ti kẹ̀yìn sí odò. Ọ̀nà Róòmù ló kọjú sí, ọ̀nà tí ọba ń gbà bọ̀. Bó ṣe wo esùsú gẹ́lẹ́ ló ṣe ń wò ó.

"Èyí ńkọ́?" ni Súrío wí. "Tó bá jẹ́ ọba gan-an ni ewu tó rí, ta la máa sọ ọ́ fún?"

Fèrè ọba ti ń dún lókèèrè. Létí odò, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tún ti dákẹ́.