Ẹni Tó Ń Pè Láti Ìta

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wòlíì àlejò kọ́kọ́ gba iwájú ilé Àrínọlá kọjá ní Alajue, àwọn àgùntàn obìnrin náà kọ èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹ̀yìn ògiri, wọn ò jẹ, wọn ò sì ké. Àrínọlá rò pé òjò ló fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni, ojú ọ̀run gbẹ.

Kò ráyè ti àgùntàn. Tèmilọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà lórí ẹní láti ìgbà ìkórè, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n ti gbé e dé ọsibítù ní Ẹdẹ, oògùn ló ṣì ń lò. Ẹni tó máa ń wá gbàdúrà fún un, Bàbá Fádáre, katikíìsì ìjọ wọn, ti di ẹni ilẹ̀. Bàbá kì í dúró síta. Wọn á bọ́ bàtà, wọn á wọlé, wọn á jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Òórùn àìsàn kì í lé wọn. Àní àgùntàn Àrínọlá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, àwọn ló fi igi àti àkísà dì í. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá ni àlejò yìí gba ọ̀nà ìlú Awo dé. Kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, eruku ọyẹ́ kò bà á. Nígbà tó la ẹnu, ohùn Bàbá Fádáre ló jáde, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tí Bàbá fi ń dá ọ̀rọ̀ dúró. Àwọn ará ìjọ bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹ̀mí Bàbá ló bà lé e. Sàrátù, aládùúgbò Àrínọlá, nìkan ló yọ ṣùtì.

"Ìyá Tèmi, wòlíì yín yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dọ̀tí. Ẹ bá mi bi í, ọṣẹ wo ló ń lò?"

Àrínọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọ̀rọ̀ wòlíì Ìsíkíẹ́lì ni ọkùnrin náà ń wàásù lé lórí, pé Ọlọ́run yóò kó agbo rẹ̀ tó fọ́nká jọ. Kì í débi tí wòlíì àtijọ́ náà ti ké ègbé lé olùṣọ́-àgùntàn tó ń jẹ ọ̀rá agbo, tí kò sì di èyí tó ṣẹ́. Aláìsàn tó bá fẹ́ ìwòsàn, ọkùnrin náà á dúró lójú ọ̀nà, á pè é lórúkọ, onítọ̀hún á dìde tẹ̀ lé e lọ sí igbó àdúrà lọ́nà ìlú Ara. Kẹ́hìndé aránṣọ dìde lóòótọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ni ìyá yìí. Wọ́n ní yóò rántí tó bá yá; ẹsẹ̀ ṣáà ti gbé e.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè dìde kì í fetí sí irú ìyẹn. Àrínọlá gbà kó wá pe Tèmilọlá. Ọ̀sán Sátidé ni wòlíì dá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, bí Àrínọlá ti ń di ẹrù ọmọ lọ́wọ́ ni ohùn náà pè lójú ọ̀nà. Tèmilọlá fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń lá àlá.

"Màámi, Bàbá ti dé."

Ẹsẹ̀ tí kò mira láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta náà gbọ́. Ọkùnrin náà pè é lórúkọ, gan-an bí Bàbá ti ń pè é. Àgùntàn náà tiro lọ bá a, ó na imú sí ọwọ́ rẹ̀. Ló bá dúró. Ó fẹ̀yìn rìn padà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dùbúlẹ̀, ó dí i.

Ìdì aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Àrínọlá.

"Ẹ wọlé, sà. Ọmọ ò yá. Ẹ wá jókòó tì í níbi tó wà, bí Bàbá ti máa ń ṣe."

Ikọ́ kékeré yẹn ló kọ́kọ́ wá.

"Èmi kì í wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń jáde tọ̀ mí wá."

"A jẹ́ pé ẹ kì í ṣe olùṣọ́-àgùntàn," Àrínọlá ní. Ó fa àgùntàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í, orúkọ Jésù lẹ́nu rẹ̀. Lórí ẹní, Tèmilọlá ṣubú padà, ó ń sunkún pé ẹsẹ̀ òun ti tún kú.

Nígbà tí Àrínọlá yọjú síta, eruku ojú ọ̀nà tẹ́jú bí ilẹ̀ tí ẹnì kan kò tẹ̀ rí. Ipasẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta nìkan ló wà níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀.

Wọn kò rí ọkùnrin náà mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, Àrínọlá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì láti inú. Ó kàn án, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè. Nígbà tí ohùn Tèmilọlá wá, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ti jáde, bí ti ẹni tó wọ́ débẹ̀.

"Màámi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá. Ohùn yín ti ń pè mí síta láti àárọ̀."